Ọjọ́ Tí Ilé Wa Já Bọ́ Látorí Ọkọ̀

Ìyàwó mi ló ń wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi wà nínú ilé pákó tí mo kàn sẹ́yìn ọkọ̀, mo nà gbalaja lórí fóòmù, mo mú ṣọ́ọ̀kì dání, mo ranjú mọ́ òrùlé, mò ń wá ibi tí òjò ti ń wọlé. Ẹni tó bá rí mi á rò pé orí mi ti dàrú. Orí mi pé o. Inú mi ló kàn ń dùn ju bó ṣe yẹ kí inú àgbàlagbà dùn lọ.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é, àga, tábìlì àti àpótí ni. Kò sí ohun kan tí mo kàn rí tí èèyàn dúró wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń ta epo pupa. Òun ló ni píkọ́ọ̀pù tó fi ń kó kẹ́ẹ̀gì epo láti Odigbo lọ sí ọjà Òrè, ó sì mọ ọkọ̀ wà jù mí lọ. Kò sí dẹ́rẹ́bà kan ní gáréèjì Òrè tí kò mọ̀ ọ́n.

Oko kòkó wa ní Omifunfun ló bí ọ̀rọ̀ ilé náà. Tí àsìkò ìkórè bá dé, a máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin níbẹ̀, inú abà kan tí eku ti gbà lọ́wọ́ wa la sì ń sùn. Ẹ̀yìn mi ò gba ẹní mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo rí fídíò kan lórí fóònù: àwọn òyìnbó kan gbé ilé sórí ọkọ̀ wọn bí ìgbín ṣe ń gbé ìkarahun rẹ̀, tọkọtaya jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹyin. Mo wò ó títí dátà mi fi tán. Mo pe ìyàwó mi, mo sọ fún un.

Ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ń fi ojú yẹn wo ọkọ̀ mi fún?"

"Ọkọ̀ ẹ náà kúkú ni mò ń rò."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n má ṣáà lu ọkọ̀ òun ní ìṣó.

Mo ra pákó ní Òrè, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Mo wọn ẹ̀yìn ọkọ̀, mo tún un wọ̀n. Mo kàn án bíi pé ọba ló fẹ́ sùn sínú rẹ̀: ibùsùn tó gba èèyàn méjì, pẹpẹ tí a ó máa gbé ìkòkò sí, fèrèsé méjì, ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn, páànù lókè. Mo yọ ilẹ̀kùn irin tó wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, nítorí ilé náà gùn jù ú lọ díẹ̀. Bóòtù irin méjì pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wọn ló dì í mú níwájú, okùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, gbogbo àdúgbò tú síta. Ẹnì kan bèèrè bóyá abẹ́rẹ́ àjẹsára la fẹ́ fún àwọn ọmọ. Ìyá kan mú ike wá, ó fẹ́ ra omi tútù. Mo ń rẹ́rìn-ín lọ láti ilé dé ìta.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: ilé náà ń jò. Kì í ṣe jíjò lásán o. Tí a bá páàkì í sójúlé, tí òjò rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, inú rẹ̀ á gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n tó bá fi lè rìn nínú òjò pẹ́nrẹ́n, a ó bá ìrọ̀rí wa nínú omi. Mo lẹ̀ ẹ́ ní gọ̀ọ́mù. Mo ta tapólì lé e. Mo tún gọ̀ọ́mù lẹ̀. Pàbó ni.

Ìyàwó mi ló là mí lójú. Ó ní, "Ṣé tó bá ń rìn ló ń jò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá a nígbà tó bá ń rìn, nígbà náà."

Bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Òun á máa wa ọkọ̀, èmi á wà nínú ilé. Ibi tí omi bá ti kán, màá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Tí mo bá lu ògiri lẹ́ẹ̀kan, kí ó dúró. Tí mo bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, kí ó máa lọ, kí ó tún yára sí i.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ojú ọ̀run ṣú. Ìyàwó mi ti ẹnu ọ̀nà kígbe, "Òjò yín ti dé o!" A sáré sí ọkọ̀ bí ọmọdé tó gbọ́ aago ìṣeré. Ọ̀nà oko tó gba ẹ̀yìn Odigbo lọ sí Àgó Aláyè la gbà, nítorí pé ibẹ̀ rí gbágungbàgun, a sì fẹ́ kí ilé náà mì dáadáa kó lè rí ààyè jò.

Ó sì jò. Ìkán kìíní bọ́ sí mi níwájú orí. Mo fo dìde, mo sàmì. Ìkejì bọ́ sí mi létí. Mo sàmì. Mo ń pariwo, "Mo ti rí ọ! Mo ti rí ọ!" bí ẹni tó mú olè. A dé ibi òkè kékeré kan tí àgbàrá ti gé ojú ọ̀nà rẹ̀ sí méjì. Mo gbọ́ bí ìyàwó mi ṣe yí jíà, tí ẹ́ńjìnnì ń kùn. Iwájú ilé náà lu ẹ̀yìn orí ọkọ̀ níbi tí ìyàwó mi wà: gbà! Ó tún lù ú: gbà! Lẹ́yìn náà ni èmi àti fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sí ìdí ilẹ̀kùn. Kò yára rárá. Mo rí i bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń lọ sílẹ̀ tí orí mi ń gòkè. Gbì! Ìdí ilé kan ilẹ̀. Gbìì! Iwájú rẹ̀ náà tẹ̀lé e.

Ibi gbogbo wá dákẹ́. Òjò nìkan ló ń lu páànù. Mo rò pé ìyàwó mi ti dúró ni, àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì wa lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń lọ, tó ń kéré sí i. Mo ní, "Háà. Ta ló wá ń wa ọkọ̀ tí mo wà nínú ẹ̀?"

Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ẹrẹ̀ pupa ló wà níbẹ̀, ó bá ẹnu ọ̀nà dọ́gba. Ilé mi dúró sójú ọ̀nà ṣánṣán bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ láti ayébáyé. Mo yẹ ara mi wò, kò sí ibi tó bó. Mo wo inú ilé, kọ́ọ̀pù tó wà lórí pẹpẹ kò tiẹ̀ ṣubú. Kí n má purọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, èmi yìí mọ iṣẹ́ o!

Ìyá kan tó ru gbáàgúdá tí ó fi ọ̀rá borí ló kọ́kọ́ dé. Ó wo ilé náà, ó wo èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ẹ kú ilé o, sà."

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà."

"Ṣé ẹ̀ ń kó dé ni?"

"Rárá, mà. A kàn ń kọjá lọ ni."

Ó mi orí, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé mi kọjá, kò wẹ̀yìn. Kò pẹ́ ni ọlọ́kadà kan dé, òun àti ẹrù ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó fa búrẹ́kì, ó fò sílẹ̀.

"Bàbá, ta ló kọ́ ilé síbí? Àná ni mo gba ibí kọjá!"

Mo ròyìn fún un. Ẹ̀rín pa á débi pé ó di ọ̀kadà rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. Nígbà tó rọlẹ̀, ó yí ilé náà po, ó nawọ́ sí òkè, ó ní, "Iṣẹ́ páànù ni mo ń ṣe kí n tó ra ọ̀kadà. Ẹ wo ìṣó yín, bàbá. Inú kòtò páànù lẹ kàn án sí. Tí ọkọ̀ bá ń mì, ìṣó á máa ṣí ihò rẹ̀, ibẹ̀ lomi ń gbà. Orí ibi tó yọ sókè là ń kàn án sí." Mo wo òkè. Òótọ́ ni. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Inú mi dùn débi pé mo gbá ọlọ́kadà náà mọ́ra nínú òjò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lé ìyàwó mi bá.

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló sọ bí tirẹ̀ ṣe rí fún mi. Ó gbọ́ gbà gbà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ó ti yé mi," ó tẹ iná mọ́lẹ̀. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ lójú ọ̀nà. Ó tiẹ̀ ní ọkọ̀ náà fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tó wọ Àgó Aláyè, ó ra àgbàdo sísè, ó mú tèmi lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó nawọ́ rẹ̀ síwájú. Òfìfo.

Ó figbe ta, "Yé! Ọkọ mi sọnù!"

Ìyá alágbàdo dá a lóhùn pé, "Ẹ fara balẹ̀. Ọkọ̀ yín rèé níwájú yín."

"Ọkọ ni mo wí, kì í ṣe ọkọ̀! Ọkọ mi! Àti ilé mi!"

"Ilé náà sọnù?"

Kò dúró dá a lóhùn. Ó ti ṣẹ́rí ọkọ̀ padà kí ọlọ́kadà tó pàdé rẹ̀ lọ́nà. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi, ó fò sínú ẹrẹ̀, ó fọwọ́ tẹ orí mi, apá mi, àyà mi. Nígbà tó rí i pé mo pé, ó wo ihò bóòtù méjèèjì tó wà níwájú ilé náà.

"Bóòtù dà?"

Mo ti tú wọn láàárọ̀ kí n lè ráyè lẹ gọ̀ọ́mù sí iwájú, okùn nìkan kò sì lè mú ilé náà dúró lórí òkè. Mo tọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi. Àwọn méjèèjì wà níbẹ̀.

Tí ìyàwó mi bá fẹ́ bẹ̀ mí, Yorùbá ìwé ló ń sọ. Tó bá fẹ́ bá mi jà, èdè Ìkálẹ̀ wa ni. Ìkálẹ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí látìgbà tí ìyá mi ti kú. Ó sọ ọ́ títí, ó na ìka sí mi, ó na ìka sílé, ó wá na ìka sí àgbàdo tó ṣì mú dání, ẹ̀rín sì gbé e lójijì. Ó jókòó pẹ̀ẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn. Èmi náà jókòó tì í. Ọlọ́kadà gba àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́.

Àwọn ọkùnrin tó ń fún epo nítòsí ibẹ̀ ló gbà wá. Oníbàárà ni wọ́n jẹ́ sí ìyàwó mi. Wọ́n gbé igi ọ̀pẹ méjì wá, wọ́n gbé iwájú ilé náà sókè lé wọn, ìyàwó mi fi ẹ̀yìn rin ọkọ̀ bọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kígbe, "Tì í! Tì í!" títí ó fi wọlé gẹ́rẹ́. Èmi fúnra mi di bóòtù. Lẹ́yìn tí mo dì í tán, ìyàwó mi tún un dì.

Ní Mọ́ńdè, a gbé e lọ bá wẹ́dà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Òrè, Alájì kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta.

"Tíṣà, ta ló kàn án?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ta ló wá so ó mọ́ ọkọ̀?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ má so nǹkan kan mọ́."

Ó jó irin mẹ́rin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé náà, ó sì fi ṣéènì tó ṣeé fún mọ́lẹ̀ dè é mọ́ ọkọ̀. Ó tún ṣe ẹsẹ̀ irin mẹ́rin tó ń gùn tó ń kúrú bíi jáàkì. Tí a bá dé oko báyìí, ilé náà á dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ìyàwó mi á wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde lábẹ́ rẹ̀, á lọ kó epo. Èmi tú gbogbo ìṣó páànù, mo tún wọn kàn sí ibi tó yọ sókè, mo fi rọ́bà sídìí ìkọ̀ọ̀kan.

A lò ó fún ìkórè tó tẹ̀lé e ní Omifunfun. Òjò bá wa lọ́nà, òjò tún bá wa lóko, ibùsùn wa gbẹ. Ní àárọ̀ kejì, àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà wá kí wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó wò. Èèyàn méje ló rún mọ́ inú ilé tí mo kàn fún èèyàn méjì, ìyàwó mi ń gba orí wọn na àwo dòdò, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn tí a padà sí Odigbo, mo rìn jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo dé, mo bá ìyàwó mi lórí àkàsọ̀. Ó ti ra ọ̀dà, ó ń kun ilé náà ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa. Kò bi mí léèrè. Ó ti kun apá fèrèsé tán, ọ̀dà ti ta sí gèlè rẹ̀. Mo wò yíká, búrọ́ọ̀ṣì kejì wà nílẹ̀. Mo mú un, mo gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ.