Ohùn Àgbẹ̀ Kan Láti Ajue

Bí o bá ti gba Ore kọjá rí, o ó mọ òórùn rẹ̀: bíréèkì tó gbóná, epo dísẹ́ẹ̀lì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń sun lẹ́bàá títì. Òórùn yẹn ò yọ mí lẹ́nu nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi lẹ́yìn tí ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́ kógbá wọlé. Ariwo ló yọ mí lẹ́nu. Mo ti pinnu pé n ó máa kọ lẹ́tà kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa gbà á lórí fóònù, n ó sì máa ṣe pódíkáàsì, ètò ohùn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí yóò tẹ̀ lé e, níbi tí àwọn èèyàn agbègbè wa yóò ti máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu báyìí ni tírélà yóò fun fèrè, ọlọ́kadà yóò sì dá a lóhùn. Nígbẹ̀yìn, inú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi ni mo sá sí. Aláàdúrà ni ìyá mi. Aṣọ funfun ìjọ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, òórùn káfúrà àti tùràrí wà lára wọn, àwọn ló sì ń bá mi gbé ariwo Ore mì.

"Ọma mi," ni ìyá mi ké sí mi lọ́jọ́ kan, "ta lò ń bá sọ̀rọ̀ nínú aṣọ mi?"

Mo ní àwọn olùgbọ́ mi ni, mà.

"Ṣé wọ́n ń dáhùn?"

Mo fa ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà padà dé. Oṣù àkọ́kọ́ wọnyẹn le, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó ń ṣàánú mi ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gba lẹ́tà náà. Mo sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dà títì tó wà nínú ilẹ̀ ní Agbabu, èyí tí wọ́n ti ń ṣèlérí pé àwọn yóò wà jáde kí wọ́n tó bí mi. Àwọn olùgbọ́ mi ṣe é bí ìjọba ṣe ń ṣe é, wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣe tíṣà kọ̀wé sí mi pé ètò ọ̀sẹ̀ kan dùn mọ́ òun gan-an. Mo ti ṣèèṣì fi ti ọ̀sẹ̀ yẹn ránṣẹ́, kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti ara mi, tí ọkàn mi bà jẹ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ pa á tì ni mo lọ sí Ajue, tí kò jìnnà sí Ore, níbi tí àgbàlagbà kan ti ń dáko kòkó, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún. Ará Òkè-Ògùn ni, ó sì ti pẹ́ gan-an nínú igbó náà. Ó jẹ́ kí n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tútù kó lè kan. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ẹmu àná, ó gba gbogbo abẹ́ igi. Bàbá náà ń ṣàlàyé, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ tíṣà ò mọ̀ ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Nígbà tí mo bi í pé ta ló fẹ́ kí, bí mo ṣe máa ń bi gbogbo èèyàn kí ètò tó parí, ó gbé ewé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ki oríkì agbo ilé wọn, ó wá ní, "Bá mi sọ fún wọn pé mo ṣì wà láyé. Iná ló jó oko mi, ojú ló ń tì mí láti wálé. Mi ò sọnù."

Ètò yẹn ni àwọn èèyàn gbọ́. Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn lórí Wasáàpù, àwọn tí mi ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í gba lẹ́tà mi. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún ìyá mi pé wọ́n ti ń dáhùn.

Oṣù díẹ̀ kọjá kí obìnrin kan tó pè mí láti Òkè-Ògùn. Ọmọ àdúgbò wọn kan tó ń gbé ní Ìbàdàn ló gbé ohùn náà sí i létí. "Àbúrò mi nìyẹn," ó ní. "A ti rò pé ó ti kú." Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń sunkún. Kò pẹ́ tó fi dé Ore, arúgbó ni, ó gbé àpò elùbọ́ dání, pẹ̀lú aṣọ tuntun kan tó ní kí wọ́n rán ní ìwọ̀n tí ara àbúrò rẹ̀ jẹ́ nígbà èwe. A gun ọ̀kadà lọ sí Ajue. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń bi mí bóyá ó ti sanra, bóyá ó ń jẹun dáadáa.

Obìnrin tí oko rẹ̀ bá ti bàbá náà pààlà ló pàdé wa. Bó ṣe rí ojú ìyá náà, tó jọ ti àbúrò rẹ̀ gẹ́lẹ́, ńṣe ló káwọ́ lérí. Ibà ló kọlu bàbá náà nígbà òjò, kò sì dìde mọ́. Wọn ò mọ ẹbí rẹ̀ kankan, kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà mi, wọ́n sì sin ín sẹ́bàá oko rẹ̀.

Ìyá náà kò ké. Ó jókòó sórí àpò elùbọ́ rẹ̀, ó ní, "Ta ló gé irun rẹ̀? Ta ló gé èékánná rẹ̀?"

Ìwọ náà mọ ohun tó ń béèrè. Ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, tí òkú rẹ̀ ò ṣeé gbé, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sin sílé, kí ó lè wà lọ́dọ̀ àwọn baba rẹ̀. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ará oko yẹn ti wá, kálukú sì rò pé ẹlòmíràn ti gé e.

Nígbà tí a padà dé Ore, ìyá mi gbé omi fún un, ó gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n èmi ni ìyá náà ń wò. "Ọmọ mi, ilé làbọ̀ ìsinmi oko," ó ní. "Mi ò lè dá lọ. Ohùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ara rẹ̀ sì ni ohùn náà ti jáde. Fún mi." Mo dà á sínú káàdì mẹ́mórì kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ fóònù. Ìyá mi ya etí aṣọ funfun rẹ̀ kan, ó fi wé e.

"Ó ku ọ̀kan," ni ìyá náà wí. "Yọ èyí tó wà níta."

Mo bi í pé kí ló dé, mà.

"Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ṣì wà láyé. Báwo la ṣe fẹ́ sin ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó dùn mí wọra. Mi ò ní ètò mìíràn tí ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Síbẹ̀, mo yọ ètò náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì níṣojú rẹ̀. Èyí tó ti wọ fóònù àwọn èèyàn kọjá agbára mi, mo kàn kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọ̀sẹ̀ náà pé mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n pa á rẹ́.

Ìyá náà pè mí láti Òkè-Ògùn lẹ́yìn ìsìnkú. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá wọn. Kí wọ́n tó gbé mẹ́mórì náà sínú rẹ̀, wọ́n kì í bọ fóònù, wọ́n jẹ́ kí ohùn náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo agbo ilé sì dá a lóhùn nígbà tó ki oríkì wọn.

Àwọn tó ń gba lẹ́tà mi dín kù lẹ́yìn ìyẹn. Mo ṣì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dárúkọ ẹni tó fẹ́ kí báyìí, nọ́ńbà ẹni náà ni mo máa ń béèrè, mo sì ń pè é kí n tó kúrò níbẹ̀. Nígbà míì wọ́n á gbé e, nígbà míì kò ní wọlé. Nígbà tí bàbá yẹn ní kí n bá òun sọ fún wọn, mo rò pé ètò mi ló ń bá mi parí. Àṣé iṣẹ́ ló ń rán mi sí ilé rẹ̀. Mo sì jẹ́ iṣẹ́ náà, àmọ́ gbogbo ayé ni mo kọ́kọ́ jẹ́ ẹ fún, ilé rẹ̀ ló gbọ́ gbẹ̀yìn.