Bí Ilé Ottilie Brackmann Ṣe Wó

Ottilie Brackmann kò lọ́kọ, kò bímọ. Ilé ló ní. Ilé náà kọjú sí ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ mi ti ń gẹ irun, létí odò Werra. Baba ńlá rẹ̀ tó ń ṣòwò iyọ̀ ló kọ́ ọ: igi óákù dúdú tí wọ́n dè mọ́ra lóòró àti ní ìbú, tí wọ́n fi amọ̀ àti koríko dí àárín wọn. Alájà mẹ́ta ni, àjà kọ̀ọ̀kan sì yọrí síta ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń yọjú wo títì. Nísàlẹ̀ ni Ottilie ti ń ta bọ́tìnnì àti òwú. Ẹnu rẹ̀ mú. Bí o bá ra bọ́tìnnì kan ṣoṣo, á ní, "Ṣé kí n wé e ni, àbí o ti háyà ọkọ̀ ẹrù?"

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú, ìdajì ilé bọ́ sọ́wọ́ Detlev, ọmọ àbúrò náà. Àwọn onílé-ìtajà ńlá kan fẹ́ ra ilẹ̀ ibẹ̀. Detlev gbà. Ottilie kọ̀ jálẹ̀.

"Àǹtí, ilé yìí ti gbó."

"Èmi náà ti gbó. Ṣé wàá tà mí ni?"

"Ta ni yóò rà yín?"

Bí ewé ṣe ń wọ́, Detlev mú ọkùnrin méjì wá, ó ní wọ́n fẹ́ tún òrùlé ṣe. Ottilie tiẹ̀ se kọfí fún wọn. Apá ẹ̀yìn tí ojú ará títì kò tó ni wọ́n ti ṣí i sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Òjò dé. Detlev jókòó nílé ọtí, ọkọ mi gbọ́ ọ létí ara rẹ̀: "Mo ti gba òjò síṣẹ́. Kì í sinmi, kì í sì í bèèrè owó oṣù." Ẹ̀rín gba ilé ọtí kan.

Ottilie ń gbé bàsíà àti ìkòkò káàkiri. Amọ̀ ara ògiri wú, ó ń já lu bẹ́ẹ̀dì. Olú hù lára igi. Mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ fún un, mo bá a nínú kíṣìnnì lábẹ́ agboòrùn. "Jókòó, Gerlinde," ó ní, "ṣùgbọ́n lọ mú agboòrùn tìẹ wá."

Lẹ́yìn ọdún tuntun, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan wá, ó ní ilé náà lè wó pa èèyàn. Ottilie bẹ̀ ẹ́ kó gòkè lọ wo ohun tí wọ́n ṣe sí òrùlé. Ọkùnrin náà ní àtẹ̀gùn kò ṣeé fọkàn tán. Detlev bá fi mọ́tò gbé Ottilie lọ sílé àwọn arúgbó, lọ́dọ̀ àwọn sísítà ìjọ tó ń tọ́jú wọn.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, Àǹtí. Bí òrùlé bá ti parí, màá wá mú yín."

"Kí wọ́n lo igi gidi o."

"Igi gidi ni, Àǹtí."

Kò tíì mọ orúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá tí katapílà fi dé ìdí ilé rẹ̀. Óákù náà kò gbà bọ̀rọ̀. Àfìgbà tí wọ́n fi okùn irin fà á. Àwọn èèyàn mú bíà dání, wọ́n ń wòran. Nígbà tó wó, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Àwọn sísítà ní ìròyìn náà lè pa á. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i ló ń bèèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, Detlev gbé kéèkì wá pẹ̀lú fọ́tò ilé ìtajà tuntun, gíláàsì àti kọnkéré.

"Ẹ wo ilé yín, Àǹtí. Kì í jò mọ́."

Ottilie wò ó títí. "Yàrá mi dà?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀," ni Detlev wí, ó sì wo ojú èmi àti àwọn sísítà kí a lè bá a rẹ́rìn-ín.

Ottilie tutọ́ sórí kéèkì náà. "Jẹ ẹ́," ó ní.

Láti ọjọ́ náà kò jẹun gidi mọ́. Kí yìnyín tó bọ́, ó ti kú. Àwa mẹ́ta la sin ín: pásítọ̀, sísítà kan, àtèmi. Detlev ń bẹ láyé, ara rẹ̀ le koko, wọ́n sì ti fi ṣe alága ẹgbẹ́ akọrin ìlú wa.