Àmì Abẹ́ O

Gbá, gbá, gbá. Òòlù baba agbẹ́gi wa ń lu irin ìgbẹ́gi, èérún ìrókò ń fò bọ́ sí mi lẹ́nu, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí n tu ú dànù. Mo jókòó tì í nílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì di pákó tó ń gbẹ́ mú. Tí kò bá parí rẹ̀ kí àwọn ará àdúgbò tó jáde ní ìsìn lọ́la, wọ́n lè lé wa kúrò nínú ilé tí a ń lò.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹsẹ̀ mi òsì ti rọ láti kékeré. Ti baba yẹn, méjèèjì ló rọ. Awọ ewúrẹ́ ló fi ń jókòó, ọwọ́ ló fi ń wọ́ ara rẹ̀ kiri, òun ló sì ń gbẹ́ ọ̀pá abíyá fún gbogbo àwa tí ẹsẹ̀ kò gbé ní àdúgbò wa, lẹ́yìn ìlú Atakpamé ní Tógò. Ilé kan tí wọ́n ń kó òwú sí tẹ́lẹ̀ ni a ń lò. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ aṣọ rírán, ibẹ̀ nìkan sì ni ẹnikẹ́ni kì í ti í wo ẹsẹ̀ mi. Ẹni tó ni ilé náà fi ẹnu lásán yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa kó tó kú. Ọmọ rẹ̀ wá dé láti Lomé, ó ní òun fẹ́ kó sìmẹ́ǹtì síbẹ̀. Ó ní ta ló mọ̀ pé àwọn arọ ló ń lò ó, ṣé wọ́n kọ ọ́ síbì kan ni? Olórí àdúgbò ní kí gbogbo wa pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ni baba bá ní òun yóò gbẹ́ àkọlé.

Baba kò mọ ìwé rárá. Kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Èmi ló gbé ẹfun ìkọ̀wé fún. Ilé aláàbọ̀ ara ni mo fẹ́ kọ, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: ILE ALAABO ARA.

“Ṣé ó pé?”

“Ó pé, Baba.”

Kò pé. N kò fi àmì sí abẹ́ o. Faransé ni wọ́n ń kọ́ wa nílé ìwé, o tiwọn kì í sì í wọ bàtà.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin Lomé náà kà á sókè ketekete.

“Ilé aláàbò ara! Aláàbò kẹ̀! Ta lẹ ń dáàbò bò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rákò?”

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi pàápàá rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí títí di òní.

“Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí?”

Ìtọ̀ gbóná ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Mo la ẹnu, baba fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

“Èmi ni,” ló wí.

“Baba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀wé?”

“Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, ohun tí mo fẹ́ wí náà nìyẹn.” Ó wọ́ dé iwájú ọkùnrin náà. “Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí ìjì ṣí òrùlé ilé yín, ibo ni màmá rẹ sùn?”

Màmá ọkùnrin náà wà láàárín wa. Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀.

“Inú ilé yìí ni,” ó wí. “Oṣù méjì gbáko. Àwọn ló ń fún mi lóúnjẹ. Ìwọ ò wá.”

Olórí àdúgbò ní kí wọ́n gbé pákó náà kọ́ sókè ilẹ̀kùn.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo jẹ́wọ́ fún baba. Mo ní èmi ló ṣàṣìṣe, mo ní àmì kékeré kan ló kù kó tó di ààbọ̀.

Ó yíjú sí mi. “Ṣé ààbọ̀ ni ọ́?”

“Rárá, Baba.”

“Kí la wá fẹ́ fi àmì ṣe?”

Baba ti lọ. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní aṣọ rírán lábẹ́ pákó yẹn báyìí, irin ìgbẹ́gi rẹ̀ sì wà nínú àpótí mi. Kì í pẹ́ kí ọ̀mọ̀wé kan tó yà wọlé kó ní àmì kan kù lókè yẹn. Mo máa ń mú irin náà jáde, màá wo òkè, màá sì gbọ́ ìbéèrè baba. Lẹ́yìn náà ni màá dá a padà sínú àpótí.