Ìwé Ìṣirò Ọdún Kan Tí Ìbídùn Kọ ní Odoakpu

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìbídùn Babáṣọlá.

Odoakpu ní Onitsha ni wọ́n bí i sí. Aṣọ ni bàbá rẹ̀ ń tà níbẹ̀. Nígbà tí ìlú dàrú ní 1966, gbogbo wọn sá lọ sí Òṣogbo. Ogun parí ní oṣù kìíní 1970. Kí ọdún náà tó parí, Ìbídùn ti padà, òun nìkan. Afárá odò Ọya ti wó, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e kọjá. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́. Ó ní ẹni tí ebi pa fún ọdún mẹ́ta kò ní fẹ́ rí ojú ẹni tó ń jẹun nígbà yẹn. Ìbídùn ní òun kò mọ ilé míì.

Kápẹ́ńtà ni mí, Yorùbá bíi tirẹ̀, èmi náà padà sí Odoakpu. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Odoakpu gbé bẹ́ǹṣì fún mi tún ṣe. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gba Ìbídùn sí bíi tíṣà, wọ́n fún un ní kíláàsì kìíní. Ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, èyí tó dàgbà jù jẹ́ mọ́kànlá, nítorí ogun kò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé ìwé. Kò sí ìwé. Síléètì kò kárí. Kóròfo ọta ìbọn ni wọ́n fi ń ka nǹkan. Àwọn ọmọ ń ṣà á létí odò, ogún ogún lẹ́nì kọ̀ọ̀kan.

Ní Ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kìíní 1971, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Nwokedi, pè é.

"Mísì, alábẹ̀wò láti ọ́fíìsì ìjọba ń bọ̀ ní Jímọ̀. Ó fẹ́ rí ìwé ìṣirò rẹ. Ohun tí o máa kọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí ọdún á fi parí."

"Ti ọdún gbogbo, sà?"

"Tíṣà tí ìwé rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó máa yọ orúkọ rẹ̀ ni. Èèyàn mẹ́ta ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi nítorí kíláàsì rẹ yìí. Ọmọ ibí ni gbogbo wọn. Mi ò sọ nǹkan kan o."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ṣọ́ọ̀bù mi ni Ìbídùn wá ń jókòó sí lẹ́yìn ilé ìwé, torí pé ibẹ̀ ni tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé wà. Ọ̀sẹ̀ mọ́kàndínlógójì ni ọdún ilé ìwé. Ó fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ewé kan, ojú kan ṣoṣo ló ń kọ. Ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ. Mo ra búrẹ́dì fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó gbàgbé rẹ̀ sórí àpótí, ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Mo ra òmíràn lọ́jọ́ kejì. Ewúrẹ́ náà tún padà wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó parí rẹ̀, ó kà á fún mi.

"Bàbá Síkírù, ẹ gbọ́. Ení dé ẹ̀wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ogún. Tí wọ́n bá ti mọ ogún, a ó yọ ẹyọ kan, ó di mọ́kàndínlógún. A ó yọ méjì. A ó máa yọ ọ́ lọ títí a ó fi yọ márùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé nìyẹn. Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa," ni mo wí.

Bí mo ṣe ń ka ìṣó láti kékeré nìyẹn. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi náà jẹ̀bi.

Alábẹ̀wò dé ní Jímọ̀, aago mọ́kànlá. Ọkùnrin kúkúrú kan ni. Apá òsì rẹ̀ kò sí. Mo wà ní kíláàsì níbi tí mo ti ń kan ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Ó fi ìwé náà lé orí tábìlì, ó ń fi ọwọ́ kan ṣí i. Nígbà tó dé ewé kejìlá, ó dúró.

"Mísì, ta ló ń kọ́ ọmọdé ní ogún kó tó kọ́ ọ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?"

"Wọ́n á yọ márùn-ún nínú ogún ni, sà."

"Wọ́n á yọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ó wá kọjú sí Nwokedi, ó yí i sí Ìgbò. "O gbọ́ ọ? Àwọn èèyàn rẹ̀ yọ lára wa, wọ́n yọ títí. Òun náà tún wá ń kọ́ ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń yọ."

Nwokedi ń wo ilẹ̀.

Ìbídùn fi Ìgbò dá a lóhùn. "Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, sà. Ibí ni wọ́n bí mi sí."

Mo gbé òòlù sílẹ̀.

Alábẹ̀wò na ìka sí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adaobi. "Ìwọ, ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún mi."

Ọmọ náà to kóròfo mẹ́wàá sọ́tọ̀, ó to márùn-ún tì í. "Iri na ise," ló wí. Ẹ̀wá àti àrún, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kà á nílé.

"Ṣé o rí i? Ọmọ ti mọ̀ ọ́n kó tó wá. Ìwọ lo fẹ́ kó gbàgbé."

Ìbídùn wo kóròfo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Ojoojúmọ́ ló ń fẹnu ara rẹ̀ ka iri na ise lọ́jà. Ìgbà tó jókòó láti ronú ló ka nǹkan bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kà á ní Yorùbá. Ìgbà yẹn lojú èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí i.

"Àṣìṣe mi ni, sà. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Aago méjì ni mò ń lọ. Tí n kò bá rí i, mo ti fagi lé orúkọ rẹ nìyẹn."

Mo fi ṣísẹ́ẹ̀lì mi gé okùn tí a fi rán ìwé náà. A tẹ́ àwọn ewé sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé wọn, àwọn ọmọ ń fi kóròfo ọta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ewé yìí lọ síwájú, tọ̀hún padà sẹ́yìn. Ẹ̀wá àti ení títí dé ẹ̀wá àti ẹ̀sán, kí ogún tó dé. Ó gbé yíyọ lọ sí sáà kejì. Ewé mẹ́sàn-án ló ní láti tún kọ. Yíǹkì fẹ́ tán, ó bu omi sí i. Adaobi ló ń mú àwọn ọmọ yòókù ka kóròfo, ó ń jágbe mọ́ wọn bíi sójà.

Mo ń rán ewé tó kẹ́yìn nígbà tí a gbọ́ ìró mọ́tò. Aago méjì kò tíì lù. Ìbídùn já ìwé náà gbà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, ó sáré.

Alábẹ̀wò ti jókòó sínú mọ́tò, dírẹ́bà rẹ̀ ti ṣáná sí i. Ó gbé ìwé lé itan. Ó wo ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ó wo ìkejìlá. Ó ṣí i lọ títí dé sáà kejì.

"Yíyọ ṣì wà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n."

Ó fa abẹ́rẹ́ yọ, ó fún Ìbídùn, ó buwọ́ lu ìwé náà.

"Sáà kan ni mo fún ẹ. Mo máa padà wá ní oṣù kẹrin."

Mọ́tò lọ. Ìbídùn padà sí kíláàsì, ó ní kí wọ́n ṣa kóròfo wọn nílẹ̀.

Ìyàwó mi sun iṣu lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìbídùn jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo pupa, kò ṣẹ́ ku, ó sì fi búrẹ́dì nu àwo.