Ìyá Olóǹtẹ̀ àti Wáìnì Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Kó tó lu òǹtẹ̀ lé ìwé, á kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, fùù, bí ẹni ń fẹ́ àkàrà gbígbóná. Ìyá Olóǹtẹ̀ là ń pè é ní ọ́fíìsì ìjọba níbí, ní Parakou.

Gbogbo àdúgbò wa ní Zongo mọ̀ pé kò sí alárinà tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ bí èmi. Mo ti rí Òyìnbó tó fẹ́ ra wáìnì tí àwọn àgbẹ̀ fi èso kajú ṣe lọ sókè òkun, àmọ́ ó ní àfi kí n ní ìwé àṣẹ alárinà. Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Olóǹtẹ̀ lọ.

"Ta ló ni wáìnì náà?" Ìyá bi mí.

"Tèmi mà ni! Ta ni ì bá tún ni ín?"

Ó gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ pamọ́. "Mùsíé, alárinà kì í gbé ìyàwó tó ń bá ẹlòmíì wá. Tí wáìnì bá jẹ́ tìẹ, lọ gba ìwé ọlọ́jà."

Mo bínú lọ. Nígbà tí Òyìnbó ní òun máa wá ẹlòmíì, mo padà sọ́dọ̀ Ìyá.

"Ìyá, kì í ṣe tèmi. Ti àwọn àgbẹ̀ ni. Èmi kàn ń bá wọn wá ọkọ fún un ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó fẹ́ òǹtẹ̀, fùù! Ó lù ú lé ìwé mi, gbà!

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ìwé àṣẹ náà wà lára ògiri pálọ̀ ilé mi ní àdúgbò Banikanni. Tí àlejò bá bi mí pé ta ló ni ín, màá lu àyà: èyí, tèmi ni.