Bàbá Tó Kọ́ Ọmọ Rẹ̀ Pé Kó Má Kúnlẹ̀

Mùsílíù Ọlábámijí ń gbé Turin, ó sì ń kó ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan, ní Novara. Kò wo ọpẹ́rà rí títí di ọdún 2016, nígbà tí tíátà kan ní Turin gba Nadirah, àkọ́bí rẹ̀, sínú ẹgbẹ́ akọrin láti dán an wò. Eré Faransé àtijọ́ kan ni, tí wọ́n fa ìtàn rẹ̀ yọ láti inú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn ará Jámánì àti ìhà àríwá Yúróòpù. Akọni kan mu oògùn ìfẹ́, ó wá lọ bá ọba fẹ́ ìyàwó tí òun fúnra rẹ̀ ì bá fẹ́.

Ohùn Nadirah kò níṣòro. Orúnkún rẹ̀ ni. Àgbàlagbà onírun funfun ló ń ṣe ọba, bó bá sì ti ń kọjá níwájú àwọn obìnrin, Nadirah á tẹ orúnkún.

"Ìyàwó jagunjagun ni yín!" ni olùdarí eré, Signora Chiara, pariwo. "Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ orúnkún fún ẹnikẹ́ni!" Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ ní prova generale, ìyẹn ìdánrawò àṣekágbá, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun kò pariwo. Nígbà tí mo bi àwọn akọrin tó wà níbẹ̀, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni.

Mùsílíù ní òun á ṣe ọba nílé. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ bàtà, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èjìká, ó ń yan káàkiri pálọ̀.

"Dúró gbọnin! Wo ojú mi!"

Ẹ̀rín pa Nadirah, orúnkún rẹ̀ tẹ̀. "Papà, non ci riesco!"

"Wàá ṣe é. Kí ló dé tí o ò lè ṣe é?"

"Nítorí pé ẹ̀yin lẹ bí i," ni Ùmmùkùlsùmù, ìyàwó rẹ̀, dáhùn. "Bàbá Nadirah, ẹ fẹ́ ba ọmọ yìí jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Lọ wo ìrẹsì rẹ, ó ti ń jóná," ni Mùsílíù fèsì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn bó bá ti ti iṣẹ́ dé. Nígbà tó yá, ó kọjá lọ́jọ́ kan, Nadirah kò mira, ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Àyà mi já," ni Mùsílíù sọ fún mi. "Mo sáré bọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì."

Mo bi í bóyá kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé ló bàjẹ́ yẹn.

"Èmi ni mo kọ́ ọ kó máa kúnlẹ̀. Ta ló tún yẹ kó kọ́ ọ kó dúró?"

Ní prova generale, ọba kọjá. Nadirah dúró ṣanṣan, ipò rẹ̀ sì di tirẹ̀. Nígbà tí akọni wá la ògiri iná kọjá láti lọ mú ìyàwó ọba, tí gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́, Mùsílíù, tó wà láàárín àwọn òǹwòran, kò tilẹ̀ wo iná. Ó ṣì ń fi ìgúnpá tọ́ obìnrin ará Ítálì tó jókòó tì í, ó ń fi ọmọ rẹ̀ hàn án:

"Èyí tó dúró lọ́tùn-ún yẹn, signora. Mia figlia."