Òkúta Tí Sàfíyyà Kò Yí

Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí àwọn àgbà Zongo, àdúgbò wa, ń sọ pé ọmọ tó mọ ọ̀wọ̀ kì í kábàámọ̀. Kí wọ́n wá bi Sàfíyyà.

Ọmọ àbúrò mi tó ti ṣaláìsí ni. Kúbúrátù, ẹ̀gbọ́n mi, ló tọ́ ọ. Etí odò ló ti ń fọ aṣọ àwọn olówó àdúgbò Koira Kano títí ọṣẹ fi jẹ ẹ́ léèékánná, iṣẹ́ yẹn ló sì gbé Sàfíyyà dé yunifásítì ní Harobanda, ní òdìkejì odò.

Níbẹ̀ lọmọ náà ti kọ́ nípa kòkòrò omi. Á wọ odò, á yí òkúta padà, á wo ohun tó ń gbé abẹ́ rẹ̀. Kòkòrò kékeré kan wà tó ní ìrù mẹ́ta, omi tó bá mọ́ ló ń gbé. Ìdin pupa ní tirẹ̀ kò kọ ìdọ̀tí. Sàfíyyà ní àjẹjù ló ń pa odò: bí ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ màlúù tàbí ọṣẹ bá ti pọ̀ jù, ewé inú omi á gbilẹ̀, á jẹrà, kò ní sí afẹ́fẹ́ mọ́, onírù mẹ́ta á sì kú tán.

"Àwọn òṣèlú wa lò ń bá wí," ni mo dáhùn. "Ìdin pupa ni wọ́n." Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ òṣèlú ti pọ̀ nígbà náà, gbogbo wọn ló sì ń búra pé àwọn á tún odò ṣe. Nígbà tí ọ̀kan wọlé, Mọ̀sié Boubacar, ọ̀gá ọ́fíìsì omi, ní kí Sàfíyyà wá ẹni tó ń ba odò jẹ́. Lókè odò, onírù mẹ́ta kún fọ́fọ́. Nísàlẹ̀, ìdin pupa nìkan ló rí. Àwọn afọṣọ ló wà láàárín, nísàlẹ̀ wọn díẹ̀ sì ni gọ́tà ilé ìpẹran olówó kan ti wọnú odò.

Ó yẹ kó yí òkúta ibi ìfọṣọ wò. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ró ìró mọ́ àyà síbẹ̀, Kúbúrátù ló ṣíwájú. Kó wá máa wá ìdọ̀tí lẹ́sẹ̀ ẹni tó bọ́ ọ? Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó kọjá. Wallahi, bí gbogbo wa ì bá ti ṣe é nìyẹn.

Boubacar ka ìròyìn tí Sàfíyyà kọ: òkè mọ́, ìsàlẹ̀ bàjẹ́, afọṣọ wà láàárín. Ọkùnrin yẹn kò dárúkọ ilé ìpẹran rárá, aláìnítìjú. Ọlọ́pàá lé àwọn ìyá dànù, wọ́n tẹ báàfù ẹ̀gbọ́n mi pẹ́lẹ́bẹ́.

Sàfíyyà sáré padà síbẹ̀, ó yí òkúta. Onírù mẹ́ta kún ibẹ̀! Ó kó wọn sínú ìgò, ó gbé e tọ Boubacar lọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ṣé o rí i? Àwọn afọṣọ lọ, kòkòrò padà dé." Ẹ̀jẹ̀ màlúù sì ń ṣàn lọ nínú gọ́tà.

Ó gbé ìgò náà wálé, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ojú yín ni mo wò tí mi ò fi yẹ ibẹ̀ wò."

Ẹ̀gbọ́n mi gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìbá sàn kó o rí mi fín," ló wí.